Bí Ìyẹ̀fun Mọ̀ríńgà Wa Ṣe Gba Nọ́ńbà Ìjọba

Ìgbà tí àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ta oríṣiríṣi ohun afáralókun lórí fóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí lè má rántí bí ìlú ṣe rí nígbà náà. Gbogbo ènìyàn ló ń wá ohun tí yóò fún ara lágbára. Ẹni tí kò mu mọ̀ríńgà rí ń bèèrè rẹ̀, ẹni tó ti ń mu ún tẹ́lẹ̀ sì ń rà á kún èyí tó ń rà.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ, mo sì ti bá ẹgbẹ́ olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí ìyẹn ni àwọn obìnrin tó ń gbẹ ewé mọ̀ríńgà, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀wà sóyà, fi ní kí n wá ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn. Tíṣà ni wọ́n ń pè mí. Ilé ìdáná kálukú la ti ń ṣe é. A ó dì í sínú ọ̀rá, a ó gbé e lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù wa ní Ọjà Igbó àti Under G lẹ́bàá yunifásítì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rà á, tí wọ́n ń bù ú sínú ògì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn dé sí Under G, wọ́n sì ti àwọn ṣọ́ọ̀bù wa pa. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ìyá Sàmúẹ́lì, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn, gbé ẹ̀dà tí wọ́n fún un wá bá mi nílé. Aládùúrà ni, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

“Tíṣà, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Òyìnbó ni gbogbo ẹ̀. Ṣé ẹ̀wọ̀n ni?”

Mo kà á. “Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní ọjà wa ò ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ìjọba, a ò sì gbọdọ̀ tà á mọ́ títí a ó fi gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀, yàrá tí yóò ti máa gbẹ ewé lọ́tọ̀, èyí tí yóò ti máa dì í lọ́tọ̀.”

Ó ní, “Ilé tí mò ń gbé gan-an, yàrá kan ni.”

Mi ò ní purọ́ fún yín pé òfin náà burú. Mo ti rí ìyẹ̀fun tó hu ẹbu tí wọ́n ṣì ń tà fún ọlọ́mọ. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí wọ́n jẹ́ ká da ara wa pọ̀, ká ní ilé kan, ká gba nọ́ńbà kan. A kọ lẹ́tà, wọn ò dáhùn. A tún kọ òmíràn, wọn ò dáhùn. Lẹ́yìn náà ni Alhaji Làsísì, alága wa tó ń gbé ní Ọ̀yọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta oyin tí wọ́n po mọ́ egbò igi, gbọ́ pé ọ̀gá àjọ náà ń bọ̀ wá bá àwọn oníléeṣẹ́ ńlá ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀yọ́.

“Wọn ò pè wá o, Tíṣà.”

“A ó lọ bẹ́ẹ̀ náà, Alhaji.”

Bọ́ọ̀sì méjì la kún. A ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà kí àwọn tí wọ́n pè tó dé. A kọ ọ́ sára páálí pé ILÉ KAN, NỌ́ŃBÀ KAN. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn jáde sí wa.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lọ́nà.”

“A ò dí ọ̀nà, ọmọ mi. Ẹ bá wa sọ fún ọ̀gá yín pé àwọn tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa wà níta.”

“Ọ̀gá ò lè ráàyè rí yín lónìí.”

“A ó dúró dọ̀la.”

Àwọn Aládùúrà ń kọrin wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí àkókò ìrun ọ̀sán tó, àwọn Mùsùlùmí kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, àwọn tó kù bá wọn di páálí mú. Wọn ò tíì kírun tán dáadáa tí ọ̀gá náà fi jáde. Obìnrin kúkúrú ni, ó wọ gíláàsì, ó mú ìgò kan dání.

“Ta ni akọ̀wé? Ẹ bá mi ka ohun tó wà lára ìgò yìí, kí gbogbo wọn gbọ́.”

Mo kà á sókè: “Ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ ò nílò oògùn ọsibítù mọ́.”

“Ta ló ṣe é?”

Alhaji Làsísì dìde. “Èmi ni. Àwọn oníbàárà mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.”

Ìyá Sàmúẹ́lì náà dìde. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló fẹ́ sọ.

“Dírẹ́bà ni ọkọ mi,” ó ní. “Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára irú ìgò yìí, ó da oògùn ọsibítù nù. Apá ọ̀tún rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Mọ̀ríńgà tí mò ń tà ló ń bọ́ wa láti ìgbà náà. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi. Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́.”

Alhaji yíjú sí i. “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?”

“Ẹ̀yin ni alága. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ má lọ lé mi lẹ́gbẹ́.”

Mo bẹ ọ̀gá pé kó fún wa láàyè díẹ̀. Mo wá sọ fún ẹgbẹ́ pé kí ẹni tó bá gbà pé ká yọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lára gbogbo ọjà wa lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, kí ẹni tí kò bá gbà dúró ti bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan bi mí pé, “Tíṣà, bí a bá yọ ọ́, ta ni yóò rà á?” Mo ní, “Ẹni tó bá fẹ́ jẹun.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbi ọgbà, lọ́kọ̀ọ̀kan, léjìléjì. Díẹ̀ dúró ti bọ́ọ̀sì. Alhaji wà láàárín, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣí fìlà, ó lọ bá Ìyá Sàmúẹ́lì. “Ẹ forí jì mí. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Sàmúẹ́lì kí n tó wá fúnra mi.” Ó sì lọ dúró sí ibi ọgbà.

Ọ̀gá gbà fún wa: ilé kan, nọ́ńbà kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo ní kó fọwọ́ sí i. Ó rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ẹ ò fọkàn tán mi ni?”

“Mo ti da iṣẹ́ sílẹ̀ rí nítorí ìlérí tí ìjọba ò mú ṣẹ, mà. Ẹ bá wa fọwọ́ sí i.”

Ó fọwọ́ sí i.

A gba ilé búrẹ́dì kan tí wọn ò lò mọ́, àwọn ọkọ wa tó jẹ́ bíríkìlà àti kápẹ́ńtà tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní a ò yege nítorí asẹ́ tó dípẹtà. A ò tún yege lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé eruku títì ń bà sórí ewé tí a sá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, a yege. Ọjọ́ tí nọ́ńbà dé, Ìyá Sàmúẹ́lì ló kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ya ìwé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. A jó láti Ọjà Igbó dé Sábó, àwọn tí a ti ń ra ẹ̀wà sóyà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ sì jáde wá bá wa jó.

A jèrè púpọ̀. Ọjà wa wà lórí àtẹ lónìí, ohun tó wà nínú ọ̀rá nìkan la kọ sára rẹ̀, a ò kọ̀rọ̀ ìwòsàn kankan mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ò lè dúró kí nọ́ńbà tó dé, wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọn ò sì padà. Apá Bàbá Sàmúẹ́lì ò padà bọ̀ sípò. Èmi náà jẹ̀bi níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: mo ti ka ara ìgò Alhaji rí kó tó di ọjọ́ náà, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo dákẹ́ torí pé alága wa ni. Ẹ má ṣe bí mo ti ṣe.

Ó ku ohun kan tí ìjọba ò tíì ṣe fún wa. Gèẹ́sì nìkan ni wọ́n ṣì fi ń kọ òfin tí wọ́n fi ń ti ṣọ́ọ̀bù pa, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jìyà rẹ̀ ò sì lè kà á. A ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá. Bí ìdáhùn ò bá dé, a mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́.