Ẹ̀rọ Tó Mọ Ilé Bàbá Rufus

Ẹ̀rọ méjì ni Ẹwàolúwa gbé kalẹ̀ lórí tábìlì ìsọ̀ rẹ̀ ní Àkúrẹ́, ó sì ní kí Muhydeen gbé wọn wò.

Èkíní fẹ̀ lójú, ó sì máa ń sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ bá dé oríta, á ní ọ̀tún, á ní òsì. Èkejì kéré, ó ki, ó dà bí fóònù àtijọ́. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀ lára rẹ̀, bátìrì tọ́ọ̀ṣì ló sì ń lò. Jípíẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ atọ́nà.

"Alájì, ojú títì lẹ fẹ́ lò ó sí ni, àbí ojú omi?"

"Mi ò tíì dé Mẹ́kà o. Méjèèjì ni."

"Ẹ ò lè mú ọ̀kan?"

"Orí ilẹ̀ ni mo ti ń kó iṣu, orí omi ni mo ti ń tà á. Èwo ni kí n yọ níbẹ̀?"

Ẹwàolúwa rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ méjèèjì, yóò pàdánù díẹ̀ níbì kan. "Èyí tó fẹ̀ yìí mọ títì dunjú, àmọ́ bó bá já sómi, ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Kékeré yìí ò lè sọ̀rọ̀, títì inú ẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi sàmì síbi tó bá wù yín, kódà níbi tí kò sí títì rárá."

Muhydeen ní kó bu omi wá.

"Ẹ fẹ́ pa ọjà mi ni, Bàbá?"

Síbẹ̀ ó bu omi sínú abọ́, ó sì ju èyí kékeré sí i. Ó rì díẹ̀, ó tún léfòó. Muhydeen fi ọwọ́ tútù tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ó dáhùn. Ìyẹn ló fẹ́. Erùpẹ̀ iṣu kì í tán ní ìka rẹ̀, fóònù tí wọ́n ń fọwọ́ pa lójú kì í sì í gbọ́ tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fóònù kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójú omi. Ó ra èyí tó léfòó.

Ọmọ Ọ̀kà ni Muhydeen, ṣùgbọ́n Ìkàrẹ́ ló kọ́lé sí. Lóṣooṣù ni yóò kó iṣu Ọ̀kà àti ti Etioro kún píkọọ̀pù rẹ̀, yóò gba Ọ̀wọ̀, yóò gba Àkúrẹ́ àti Ọ̀rẹ̀, títí yóò fi dé Igbókòdá níbi tí títì ti parí tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ Bàbá Rufus ló wà.

Apẹja ni Bàbá Rufus, ó ti dàgbà, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní Sàpẹlẹ. Abúlé tó ń gbé wà nínú ọ̀sà, orí òpó ni wọ́n kọ́ àwọn ilé ibẹ̀ lé. Ọkọ̀ èrò kì í débẹ̀. Ọ̀nà omi náà yà síhìn-ín, ó yà sọ́hùn-ún, gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ sì jọra wọn. Nítorí náà, Bàbá Rufus fúnra rẹ̀ ni í máa wa ọkọ̀ rẹ̀ wá sí èbúté Igbókòdá láti pàdé Muhydeen. Bó bá ti rí píkọọ̀pù náà, yóò ké:

"Ọmọ òkè! Ṣé òkè yín ò tíì ya lulẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀ o, Bàbá. Omi yín ńkọ́, ṣé ẹ ò tíì mu ún tán?"

Wọn yóò kó iṣu sínú ọkọ̀, wọn yóò jọ máa lọ, wọn yóò sì máa sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi dé ilé. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dun Muhydeen nínú rẹ̀ kò hàn sí ẹlòmíràn. Ní agbo ilé tí wọ́n bí i sí l'Ọ́kà, orí àpáta lókè pátápátá ni ilé àwọn àgbà wà. Ẹni tó bá kéré ló ń gun òkè lọ bá àgbà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè, ìyá rẹ̀ sì mú un padà lọ dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tó bá rí Bàbá Rufus lórí pákó èbúté, tí òjò ti pa á, tó ń fọwọ́ ti orúnkún kó tó lè dìde, ojú a máa tì í. Kò sọ ọ́ rí. Ó kàn ń ronú bí òun ṣe máa gun òkè náà fúnra òun. Ẹ̀rọ yìí ni ìdáhùn tó rí. Kò fẹ́ kí nǹkan kan ba ọ̀rẹ́ òun àti bàbá náà jẹ́, àìbọ̀wọ̀ fágbà ló sì rò pé ó lè bà á jẹ́.

Marwa, ìyàwó rẹ̀, gbé ẹ̀rọ náà wò.

"Bàbá Awwal, ṣé ẹ ti bi bàbá yẹn?"

"Ta ní ń bi àgbà pé ṣé kí òun má yọ ọ́ lẹ́nu mọ́?"

"Èmi á bi í."

"Ìwọ! O lè bi àgbò iléyá pé ṣé ó ti múra tán."

Marwa rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jókòó de èèyàn ló ń jìyà." Muhydeen gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó tún lọ, ó fi ẹ̀rọ náà pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ nínú ọkọ̀ Bàbá Rufus. Níbi tí omi bá ti yà, ó ń tẹ bọ́tìnnì. Bàbá Rufus ń sọ ìtàn kan fún un lọ́jọ́ náà, nípa bí òun àti ìyàwó òun ṣe kọ́kọ́ pàdé. Muhydeen ń dáhùn pé "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n." Kò gbọ́ ọ. Àmì ló ń kà.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó tètè kúrò nílé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó lè débẹ̀ kí bàbá tó gbéra. Ó háyà ọkọ̀ ní èbúté pẹ̀lú ẹni tó ń wà á, òun sì jókòó síwájú, ó ń nawọ́ sọ́tùn-ún, ó ń nawọ́ sósì. Wọn kò ṣìnà rárá.

Bàbá Rufus ń tú okùn ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Ó ti mọ ìgbà tí ọmọ òkè máa ń wá. Ó ti wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó ti dé fìlà.

"Ta ló mú ọ wá?"

"Èmi fúnra mi ni, Bàbá." Ó na ẹ̀rọ náà sí i.

Bàbá gbà á, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ilé mi wà nínú èyí?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Àmì rẹ̀ nìyí."

"Ó mà kéré o."

Naomi, obìnrin tó ń yan ẹja ní ilé kejì, bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó tún okùn ọkọ̀ so, ó ṣí fìlà. "O ṣeun, ọmọ òkè. Orúnkún mi ní kí n kí ọ."

Inú Muhydeen dùn títí ó fi padà dé Ìkàrẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Òwò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yóò dé, yóò já iṣu, yóò gba ẹja gbígbẹ àti edé, yóò ní ó dìgbóṣe. Nígbà mìíràn, bàbá a máa sùn nígbà tó bá dé, kò sì ní fẹ́ jí i. Ó ń yin ẹ̀rọ náà fún àwọn oníṣu lọ́jà Ìkàrẹ́. Kódà lójú títì, ó ti mú un gba ọ̀nà oko yọ nígbà tí afárá kan já.

Lọ́jọ́ kan, ó dé, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ọkọ̀ bàbá kò sí lábẹ́ ilé.

"Wọ́n ti lọ bá àwọn ọmọ wọn ní Sàpẹlẹ," ni Naomi wí.

"Ṣé ara wọn ò yá ni?"

"Ara wọn le. Ó ti pẹ́ táwọn ọmọ ti ń pè wọ́n. Wọ́n á ní àwọn ò lè lọ, àbí ta ni yóò máa lọ pàdé ọmọ òkè? Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà táwọn ọmọ tún dé, bàbá ò rí àwáwí kankan wí mọ́."

Muhydeen dúró lórí pákó iwájú ilé náà. "Wọn ò fi iṣẹ́ kankan rán yín sí mi?"

"Wọ́n ní kí n máa ra iṣu lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní ẹ mọ ọ̀nà."

Ó padà sí Igbókòdá, ó sì pe bàbá níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

"Bàbá, ẹ máà bínú. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa jìyà nítorí mi ni."

"Ìyà wo? Ọjọ́ tí mo bá ń bọ̀ wá pàdé rẹ nìkan ni mo máa ń wẹ̀wù gidi."

"Ẹ padà wá. Mo máa dúró dè yín ní èbúté."

"Mo ti ta ọkọ̀ ọ̀hún. Ẹni tó rà á ti kùn ún ní ọ̀dà mìíràn."

Àwọn aláàárù ń pariwo lẹ́yìn Muhydeen.

"Kí n wá kí yín ní Sàpẹlẹ, Bàbá. Àdúgbò wo ni?"

Bàbá Rufus rẹ́rìn-ín. Kò sí ìbínú nínú ẹ̀rín náà. "Ẹ̀rọ rẹ á mọ̀ ọ́n," ó wí, ó sì pa fóònù.

Muhydeen ṣì ń kó iṣu lọ sọ́dọ̀ Naomi. Ó ti tún pe bàbá láti béèrè orúkọ àdúgbò náà. Ọmọ bàbá ló máa ń gbé fóònù, á ní bàbá ń sùn.