Ẹkún Tí Wọ́n Pàtẹ́wọ́ Fún

Bí àlejò bá bèèrè Àṣàkẹ́ ní àdúgbò wa ní Ọ̀yọ́, wọ́n á bi í pé, "Àṣàkẹ́ télọ̀ ni àbí Àṣàkẹ́ ẹlẹ́kún?" Ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì. Láàárọ̀, aṣọ ilé ìwé ló ń rán. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àwọn ọmọbìnrin á jókòó yí maṣíìnì rẹ̀ ká, á sì máa kọ́ wọn ní ẹkún ìyàwó.

Ìrèsà ni wọ́n ti bí i, lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ. Nígbà yẹn, lọ́jọ́ tí ìyàwó bá ń lọ ilé ọkọ, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á jáde, á máa fi ohùn arò sunkún láti yàrá bàbá dé yàrá ìyá, á sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹbí. Á dúpẹ́, á tọrọ àdúrà, á sì sọ ohun tó ń dùn ún. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, ọmọ lè sọ ohun yòówù fún bàbá rẹ̀, bàbá kò sì gbọdọ̀ bínú.

Àwọn ìyàwó ìsinsìnyí kì í sunkún mọ́. Ibi kan ṣoṣo tí ẹkún náà kù sí ni Ọjọ́ Àṣà tí ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba máa ń ṣe lọ́dọọdún nínú ọgbà wọn. Wọ́n á ta kánópì, àwọn tó ń fín igbá á pàtẹ, àwọn àgbà á ta ayò, àwọn ọmọbìnrin á sì díje nínú ẹkún ìyàwó. Rédíò á gbé gbogbo rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ọwọ́ Àṣàkẹ́ le nídìí iṣẹ́ yìí. Bí ọmọ kan bá ti ń fa imú kí ó tó dé ibi tó yẹ, á ní, "Dúró. Imú kọ́ la fi ń sunkún. Jẹ́ kí ohùn jókòó ná, kí o tó kó ọ̀rọ̀ lé e lórí." Ó lè mú ọmọ padà sórí ìlà kan ṣoṣo títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan tó ń jẹ́ Marufat wá bá a. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ níbí ló wà, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bàbá rẹ̀ ń ta páànù ní Takie. Ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó bá borí ni àwọn ọmọ yòókù máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ohun tí èyí bèèrè yàtọ̀.

"Màmá, ṣé lóòótọ́ ni pé bàbá kò gbọdọ̀ bínú?"

"Lóòótọ́ ni."

"Bí ọ̀rọ̀ náà bá tiẹ̀ korò ńkọ́?"

"Bí ó tilẹ̀ korò ju jogbo lọ." Àṣàkẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. "Kí ló dé?"

Marufat bá sọ ọ́. Wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì rẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn Ọjọ́ Àṣà ni. Shamsudeen ni ọkọ ń jẹ́, ẹ̀yà ara mọ́tò ló ń tà ní Mínnà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Bó bá ń bọ̀, kì í wá lọ́wọ́ òfo. Ó ní kí Marufat fi ọdún kan tó kù níbi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, pé òun á fi í sí ilé ìwé míìràn ní Mínnà.

"Ohun tí wọ́n sọ fún Waliyat, ẹ̀gbọ́n mi, náà nìyẹn," Marufat ní. "Ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí di òní, ó fi kánfọ̀ sí i kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Ó ti bímọ mẹ́ta."

"O ò wá lè bá bàbá rẹ sọ ọ́ nílé?"

"Màmá, bí mo bá ti kúnlẹ̀ tí mo la ẹnu báyìí, wọ́n á ní, 'Ọlọ́run á ṣe é láṣeyè,' wọ́n á gbé kẹ́tùrù, wọ́n á lọ ṣe àlùwàlá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá sí ilé rédíò, tí gbogbo èèyàn jókòó, wọn ò ní lè dìde."

Àṣàkẹ́ rò ó. Ó rò ó títí, kò rí ibi tó kù sí. Àṣà ni, bàbá kò gbọdọ̀ bínú. Ó kọ́ ọmọ náà bó ṣe ń kọ́ àwọn yòókù, ó sì fi àyè kan sílẹ̀ fún un láàárín ẹkún náà, kí ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Ọládépò, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó máa ń darí ètò náà, pàdé Àṣàkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá wa, ẹ kú àjọ̀dún o! Ṣé ẹ ò ní pa wá lẹ́kún lónìí?"

"Bí o bá sọ̀rọ̀ lé ọmọ mi lóhùn bí o ti ṣe lẹ́ẹ̀kan, ìwọ gan-an ni màá pa lẹ́kún."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, ó sáré padà sídìí máìkì rẹ̀.

Bàbá Waliyat, bàbá Marufat nìyẹn, ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Takie. Iwájú ni wọ́n fi wọ́n jókòó sí. Marufat ló jáde kẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ: ó kí àwọn baba ńlá, ó kí ìyá, ohùn rẹ̀ jókòó. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Àwọn kan rò pé ó ti gbàgbé. Ó rìn lọ síwájú bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní:

*Bàbá mi, ẹ má wo gèlè, ẹ má wo ìlẹ̀kẹ̀,*
*ohùn mi ni kí ẹ gbọ́.*
*Ọkọ̀ mi ti fẹ́ gúnlẹ̀, bàbá,*
*èbúté rèé lọ́ọ̀ọ́kán,*
*ẹ ní kí n bọ́ sómi.*
*Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi á padà sídìí ìwé lọ́la.*
*Ọ̀la ọ̀hún ti bímọ mẹ́ta,*
*ìwé ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò rẹ́ni ṣí i.*
*Ẹ dá mi dúró, bàbá mi.*
*N ò kọ ọkọ, n ò kọ ilé ọkọ,*
*ẹ ṣáà jẹ́ kí n gúnlẹ̀.*

Obìnrin kan fi ìborùn nu ojú. Ọládépò rọra sọ sínú máìkì pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, omijé gidi ni o! Omijé gidi ló ń bọ́ lójú ọmọ yìí!"

Bàbá Waliyat dìde. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀, ojú tirẹ̀ náà sì kún fún omi. Ó yíjú sí àwùjọ.

"Èmi ni mo bí i o!" ló wí.

Àtẹ́wọ́ sọ. Àwọn ará Takie dìde, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìyáàfin Rose, tó ṣáájú àwọn adájọ́, gba máìkì, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe adájọ́, òun kò tíì rí ẹni tó ṣe é kí ó jọ òótọ́ tó báyìí. Marufat gba ipò kìn-ín-ní. Fáànù onídùúró ni wọ́n fún un.

Ó bá Àṣàkẹ́ lábẹ́ igi dóńgóyárò.

"Màmá, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ṣé bàbá mi náà gbọ́?"

Àṣàkẹ́ wo ọ̀nà ẹnu géètì. Bàbá ọmọ náà ń júwe fún oníkẹ̀kẹ́ bí yóò ṣe tẹ́ fáànù kí ọrùn rẹ̀ má baà kán. "Rọra o," ló ń wí, "ẹrù ìyàwó ni!"

Àṣàkẹ́ fi ọmọ náà sílẹ̀ lábẹ́ igi.

Ó lọ bá Ọládépò. Ó ní kí ó bá òun sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ náà kì í ṣe eré. Ọládépò fi máìkì sílẹ̀, kò ṣàwàdà lọ́tẹ̀ yìí. "Màmá, ọ̀rọ̀ ìdílé nìyẹn. Ibo la ti fẹ́ gbà wọ̀ ọ́?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àṣàkẹ́ wọkọ̀ lọ sí Takie. Bàbá Waliyat yọ̀ mọ́ ọn, ó fún un ní àga, ó ní kí wọ́n lọ ra omi tútù wá. Àṣàkẹ́ kò mu ún.

"Bàbá Waliyat, ọ̀rọ̀ tí Marufat sọ níwájú yín, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni."

"Mo mọ̀, ìyá."

"Ẹ mọ̀?"

"Ṣé ẹni tó ń sunkún ìyàwó máa ń parọ́ ni? Ìyá rẹ̀ sun ún. Ó ní kí wọ́n má fi òun fún èmi, ó ní ilé wa jìnnà. Ìyá tèmi náà sun ún. Bó bá jẹ́ pé bí ìyàwó bá ti sunkún la ó dá a dúró, ta ni ìbá ní ọkọ nílẹ̀ yìí?" Ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tu èèyàn nínú. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, ìyá? Ṣé ẹ ò sunkún ni?"

Àṣàkẹ́ náà sunkún nígbà tirẹ̀. Ó sì lọ sílé ọkọ. Àṣàkẹ́ dìde, ó gbọn ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀.

"Ẹ kú ọjà," ló wí.

"Ẹ ò mu omi yín, ìyá!"

Wọ́n so yìgì náà. Marufat wà ní Mínnà báyìí, ó ti lóyún. Ó máa ń pe Àṣàkẹ́ lórí fóònù, kì í sọ̀rọ̀ ilé ìwé. Ó ní fáànù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Àwọn ọmọ tuntun ti dé sídìí maṣíìnì. Ọ̀kan bèèrè bóyá lóòótọ́ ni bàbá kò gbọdọ̀ bínú. Àṣàkẹ́ ní, "Kò gbọdọ̀ bínú," ó sì ń bá aṣọ rírán rẹ̀ lọ.

Ilé rédíò ti sọ ohùn Marufat di ohun tí wọ́n fi ń ṣí ètò àṣà wọn ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. *Ẹ dá mi dúró, bàbá mi.* Nígbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ, Àṣàkẹ́ na ọwọ́, ó pa rédíò. Ṣùgbọ́n rédíò Simon fọkanáísà, tó ń lẹ táyà lódìkejì títì, ṣì ń sọ̀rọ̀. Oníbàárà kan tó jókòó lórí táyà gbọ́ ọ, ó mi orí.

"Ọmọ yìí mọ ẹkún í sun o."

"Àbí?" Simon dáhùn, ó sì yí ohùn rédíò náà sókè.