Wọ́n Bi Muhsinah Léèrè Ohun Tó Fẹ́

Ètò kọ̀ǹpútà ni Muhsinah, ọmọ Alaji Hàmídù ní Dougouba, ń kọ. Kó tó kọ èyíkéyìí, á kọ́kọ́ kọ ìdánwò tí yóò fi mọ̀ bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní kó fo ìyẹn, wọ́n á jà. Ìyẹn nìkan ló ń bá èèyàn jà lé lórí. Ní ti oúnjẹ àti aṣọ, ohun tí wọ́n bá fún un ló ń gbà.

Iléeṣẹ́ kan ní Abidjan ń wá ẹnì kan tí yóò máa ṣiṣẹ́ fún wọn láti ilé. Ọ̀gá wọn, Ismaël, ní òun á pè é lórí fóònù, kí àwọn lè rí ojú ara àwọn, òun á sì bi í bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó fẹ́ràn. Ó ti pẹ́ tí Muhsinah ti ń tọrọ irú ẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Alaji ní ọmọbìnrin òun kò ní dá bá ọkùnrin àjèjì sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe nínú fóònù. Ó wọ agbádá, ó jókòó tì í. Èmi àbúrò ìyá Muhsinah gbé omi wá, mo sì dúró síbẹ̀.

Ismaël bẹ̀rẹ̀ ní Faransé. "Mademoiselle, ṣé ẹ máa ń kọ ìdánwò ṣáájú ètò ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Muhsinah la ẹnu, Alaji ti gba ọ̀rọ̀ náà. Láti kékeré ló ti ń ta bàsíà lọ́jà, ohunkóhun tí oníbàárà bá béèrè, ó wà.

"Bẹ́ ẹ bá ní ṣáájú, ṣáájú ni. Bẹ́ ẹ bá ní lẹ́yìn, ẹ̀yìn ni. Bẹ́ ẹ bá ní kó má kọ ọ́ rárá, kò ní bínú."

"Bàámi," Muhsinah sọ jẹ́ẹ́.

"Dákẹ́, mò ń bá ẹ tajà."

"Ṣé ọ̀nà iṣẹ́ kan wà tí kò lè gbà?" Ismaël tún béèrè.

"Ọmọ tí mo tọ́? Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀."

Ismaël ní kí Muhsinah fúnra rẹ̀ dáhùn. Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀, ó wò mí. Ta ló máa pe bàbá ẹ̀ ní òpùrọ́ níwájú àlejò?

"Bí Bàámi ṣe wí ni."

Alaji pa fóònù, ó ní, "Ó ti rà á."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èsì dé. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ẹni tó ní èrò tirẹ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ làwọn ń wá. Muhsinah kà á fún bàbá rẹ̀. Alaji mi orí.

"Ṣé o rí i? Mo jókòó tì ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, o ò sọ nǹkan kan."

Ṣọ́ọ̀bù Alaji ni Muhsinah wà báyìí. Bí oníbàárà bá yìn ín pé ọmọ yìí níwà, bàbá rẹ̀ á ní, "Alihamudulilahi, kò kọ̀ fún mi rí." Mo máa ń ṣe àmín, torí mi ò lè sọ ohun tó wà lẹ́nu mi. Muhsinah á máa to bàsíà, kékeré sínú ńlá.