Páálí Aláwọ̀ Eérú àti Ojú Kẹ́hìndé

Títí di òní, bí mo bá ń kọjá ní Bajulaiye, tí òórùn yíǹkì àti kẹrosíìnì tí àwọn atẹ̀wé fi ń fọ ẹ̀rọ wọn bá gbà mí nímú, ọwọ́ mi máa ń wá àpò kámẹ́rà mi. Ìwọ náà mọ òórùn yẹn, o mọ bó ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni délé. Àwọn kan a máa sọ pé òórùn owó ni. Ní tèmi, òórùn àkókò kan ni, àkókò tí mò ń sáré láàárín ibẹ̀ àti Bàrígà pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, tí mò ń bẹ Ọlọ́run lójú títì pé kí ọmọ kan má kú.

Ìjọba alágbádá ti dé nígbà náà, àwọn ológun ti padà sí bárékè, oníkálukú sì ń retí kí nǹkan rọ̀ díẹ̀. Tèmi ti ń rọ̀. Mo ti ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan tí kì í lo fíìmù, mo sì ti gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Fọlá Àgòrò. Àǹtí mi, ẹni tí wọ́n bí mi tẹ̀lé, ń gbé ní Bàrígà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀. Ó bí ìbejì, obìnrin ni àwọn méjèèjì, láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ládùúgbò. Ìyá Ìbejì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àwọn ọmọ náà ti ń sáré kiri, wọ́n ti ń já ẹran gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kí èéyi tó wọlé tọ̀ wọ́n. Ó mú àwọn méjèèjì. Kẹ́hìndé bọ́ níbẹ̀. Táyé kò bọ́. Nílé wa, a kì í la ẹnu sọ ọ́ pé ìbejì kú, àwọn àgbà á ní ó wá igi lọ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ yòówù tí à bá pè é, ẹ̀gbẹ́ Kẹ́hìndé ti ṣófo lórí ẹní.

Ohun tó wá dẹ́rù bà mí ni pé àǹtí mi kò wo ojú Kẹ́hìndé mọ́. Ojú kan náà ni Ọlọ́run fún àwọn méjèèjì, kò sì lè wo ọ̀kan kó má rí èkejì. Bó bá ń wẹ̀ fún un, ògiri ló máa ń wò. Bó bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, á gbé e fún ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, á sì padà lọ dùbúlẹ̀. Ọmọdé kì í ṣe òmùgọ̀. Kẹ́hìndé rí i pé ìyá òun kò wo òun mọ́, òun náà bá di ẹnu rẹ̀ pa. Màmá fún un ní ẹ̀kọ mímu, ó tu ú. Ó fún un ní mọ́ínmọ́ín, ó yíjú. Ní ọsibítù, wọ́n ní àìsàn ti lọ, oúnjẹ ló kù. Ọkọ àǹtí mi kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ ni, kò lè wọlé, kò sì lè jáde. Mo máa ń gbé ọmọ náà, mo sì máa ń rí i pé kò wúwo tó bó ṣe wà nígbà tí mo gbé e kẹ́yìn. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè sùn.

Màmá ló pè mí sẹ́yìn ilé. "Nígbà àwọn bàbá wa, wọn ì bá gbẹ́ ère Táyé," ó ní. "Onítẹ̀bọmi ni wá, a ò gbẹ́ ère. Ṣùgbọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn onífọ́tò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ya Kẹ́hìndé lápá òsì, kí o tún yà á lápá ọ̀tún, kí o so ó pọ̀. Kí ìyá wọn rí àwọn méjèèjì, kí ọkàn rẹ̀ lè padà wálé." Mo mọ ohun tó ń sọ. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wà nílé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọmọ kan tó di méjì lórí àga kan. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń ní n ó ya àwọn ìbejì tiwa lọ́la, wọn kò sì ní fọ́tò kankan àfi ti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, aṣọ nìkan ló sì hàn níbẹ̀, ojú wọn kò hàn.

Mo gbé Kẹ́hìndé lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Màmá ti wọ aṣọ funfun fún un, èyí tí wọ́n rán ní méjì. Mo gbé e jókòó sí apá òsì àga gígùn, mo tan àwọn gílóòbù mi, mo yà á. Kí n tó sún un sí apá ọ̀tún, iná lọ. N kò ní jẹnẹrétọ̀, ọmọ ti ń ké, ohùn rẹ̀ sì ti tín-ín-rín. Mo fa àga sẹ́nu ọ̀nà, mo yà á nínú ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Lójú mi, ọmọ kan náà ni, aṣọ kan náà ni. Èèyàn máa ń fojú fo ìyàtọ̀ iná gílóòbù àti ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Kámẹ́rà kì í fojú fò ó.

Obìnrin kan wà ní Bajulaiye tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣètò kàlẹ́ńdà àti káàdì ìgbéyàwó fún àwọn atẹ̀wé. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni a ń pè é. Òun ló so ó pọ̀ fún mi. Ọmọ apá òsì pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Ti apá ọ̀tún rí bí aró tó ti ṣá, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ètè rẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀. Ó gbìyànjú títí. Bó bá tún ti ọ̀tún ṣe, ògiri á dàrú. Bó bá tún ògiri ṣe, aṣọ á dàrú. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ náà kò tíì jẹun láti àná.

Àǹtí mi gba fọ́tò náà, ó sì wò ó pẹ́. Inú mi ti ń dùn díẹ̀díẹ̀. Ó wá fi ìka kan ọmọ apá ọ̀tún.

"Òkú lo yà fún mi," ó ní.

Ó da fọ́tò náà dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì kọjú sí ògiri. Kẹ́hìndé na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀ láti orí ẹsẹ̀ Màmá, ọwọ́ náà wà lókè fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rọ̀ wálẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe dé Bajulaiye padà. Mo jókòó sórí ìdì bébà kan, mo sì ń sunkún láàárín ariwo ẹ̀rọ. Àǹtí Kọ̀ǹpútà kò sọ pé kí n dákẹ́. Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó yọ páálí kan tí kò tóbi ju ìwé orin lọ. Kò dúdú, kò funfun, ó dà bí eérú tó ti tutù.

"Bọ̀dá Fọ́tò, kámẹ́rà ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ funfun o," ó ní. "Ó kàn ń méfò ni. Iná gílóòbù pọ́n, ìmọ́lẹ̀ ìta rí búlúù, aṣọ funfun yẹn náà tún tàn án jẹ, ó rò pé iná ti pọ̀ jù, ló bá sọ ojú ọmọ di dúdú. Ẹ fi èyí hàn án kẹ́ ẹ tó yà á. Ẹ gbé e síbi tójú ọmọ wà gan-an, ẹ jẹ́ kó fi mọ àwọ̀, ẹ jẹ́ kó fi díwọ̀n iná. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yí, ẹ tún fi hàn án. Ọ̀kan yìí náà ni mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó bà jẹ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Kẹ́hìndé kò lè dá jókòó mọ́. Kò sí pé à ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kankan. Nínú yàrá wọn ní Bàrígà ni mo ti ṣí fèrèsé sílẹ̀, tí mo gbé bẹ́ǹṣì síwájú ògiri. Màmá kúnlẹ̀ sẹ́yìn bẹ́ǹṣì níbi tí kò ti ní hàn, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ọmọ, ó sì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Bàbá wọn kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè di páálí náà mú. Mo yíjú sí bẹ́ẹ̀dì.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi dì í mú."

Mo bẹ̀ ẹ́, Màmá bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó dìde bí arúgbó, ó gba páálí náà, ó nà án sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ó sì ń wo fèrèsé. Òjìji ọwọ́ rẹ̀ wá bọ́ sórí páálí náà, n kò sì lè fi díwọ̀n nǹkan kan.

"Òjìji ọwọ́ yín wà níbẹ̀," mo ní. "Ẹ wo ojú ẹ̀, Àǹtí mi. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú ẹ̀ ni kó wà lára páálí."

Ó yí orí padà. Mo rí i tó rí ọmọ rẹ̀. Ó tẹ páálí síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń wo páálí, ó tún ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí mo ṣe sọ fún un. Kẹ́hìndé náà tẹjú mọ́ ọn. Mo jẹ́ kí kámẹ́rà fi páálí náà mọ àwọ̀, mo ní kó gbé ọwọ́ kúrò, mo ya apá òsì. Ó tún gbé páálí padà láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Ọmọ náà bá gbá etí páálí náà mú, ó tì í bọ ẹnu, ó sì gé e jẹ.

"Ebi ń pa ọ́," àǹtí mi ní. "Kẹ́hìndé, ebi ló ń pa ọ́."

Ó gbé abọ́ ẹ̀kọ tí Màmá gbé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì. Ọmọ náà mu ṣíbí àkọ́kọ́, kò tu ú. Ó la ẹnu pé kí ó tún fún òun. Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti apá ọ̀sà, ìmọ́lẹ̀ inú yàrá ń yí, apá ọ̀tún ṣì wà nílẹ̀ tí n kò tíì yà. Mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ṣé irú mi ni yóò ní kí ọmọ yẹn dá oúnjẹ dúró? Nígbà tó jẹun tán, yàrá ti dúdú díẹ̀. A sún un sí apá ọ̀tún, àǹtí mi di páálí náà mú láìsí òjìji, mo tún fi í han kámẹ́rà, mo sì yà á.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà so ó pọ̀, ó sì sún mọ́ gíláàsì kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń wá ojú ìsopọ̀, kò rí i. Awọ ọmọ méjèèjì dúdú bákan náà, ó ń dán bákan náà. Ó wo ojú eyín lára páálí rẹ̀, ó ní kí n máa mú un lọ, pé irú iṣẹ́ yẹn ló yẹ ẹ́. Páálí náà wà nínú àpò kámẹ́rà mi títí di òní, mo sì ti ra òmíràn fún un.

Àǹtí mi gbé fọ́tò náà síwájú fèrèsé, Kẹ́hìndé ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo ti rò pé yóò bi mí pé èwo ni Táyé. Kò bi mí. Ó fi ìka kan ọmọ apá ọ̀tún, ó ń fi pa á lẹ́nu. Ìgbà náà ni èmi náà tó rí i pé ẹ̀kọ díẹ̀ ti gbẹ sí igun ẹnu rẹ̀ níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rántí nù.

"Táyé náà ti jẹun," ó ní.

Kẹ́hìndé ti dàgbà báyìí, fọ́tò náà sì wà ní ìyẹ̀wù rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń bi mí ohun tí páálí tí wọ́n ti gé jẹ ń ṣe nínú àpò mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé a fi ń mọ àwọ̀ ni, a fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, òótọ́ sì ni. Èyí tí n kì í sọ fún wọn ni pé tí mo bá gbé e síwájú ojú ẹnikẹ́ni, tí mo bá ní, "Ẹ wò ó dáadáa," àǹtí mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀.