Olórí Ẹgbẹ́ Oníkẹ̀kẹ́ Wa ní Kétu

Mi ò lè gbàgbé ohùn olórí ẹgbẹ́ wa, àgbàlagbà kan tá à ń pè ní Uncle. Láràárọ̀ Sátidé, tá a bá jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Kétu, àwọn ló máa ń ṣíwájú. Bí wọ́n bá rí ihò lójú títì, wọ́n á pariwo: "Kòtò o!" Àwa náà á ké e títí dé ẹ̀yìn.

Wọ́n máa ń sọ pé: "Tá a bá pọ̀, mọ́tò á bẹ̀rù wa. Àmọ́ ẹni ẹ̀yìn ò rí ọ̀nà. Ojú mi ló ń lò."

Lọ́jọ́ kan, ní Alápẹ̀rẹ̀, ẹnìkan dá àpárá. Ẹ̀rín pa Uncle, wọ́n yà fún kòtò láìké. Nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ wa tó tẹ̀ lé wọn kó sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì kán.

Àtìgbà náà, ẹ̀yìn pátápátá ni Uncle ti ń gun kẹ̀kẹ́. Nígbà tí ọwọ́ nọ́ọ̀sì jinná tó padà sẹ́gbẹ́, ó lọ bá wọn.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú. Ká ní èmi nìkan ni mò ń lọ lọ́jọ́ yẹn, ta ni ì bá gbé mi dé ọsibítù? Èmi náà kúkú ń rẹ́rìn-ín."

Uncle wo ọwọ́ rẹ̀ títí.

"Ìwọ lè rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Èmi ni mo wà níwájú."