Rẹfirí Tó Dọ̀bálẹ̀ ní Odigbo

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kí n tó fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n n kò rí àwọn tí kíka ẹsẹ̀ méjì ni lára tó àwọn ará Ore àti Odigbo rí. Lẹ́yìn ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì ọdún tó kọjá, ẹlòmíràn kà á ní méjì, ẹlòmíràn kà á ní mẹ́ta. Bàbá kan tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Ore tilẹ̀ kà á ní mẹ́rin, ó sì ń búra. Ìgbà tí a bi í dáadáa ló jẹ́wọ́ pé òun kò dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé òfin náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, torí n kì í fẹ́ kí èèyàn máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò yé e. Nínú básíkẹ́ẹ̀tì, èyí tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, bí o bá ń sáré, o gbọ́dọ̀ máa lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Bí o bá ti wá gbá a mú sọ́wọ́, ẹsẹ̀ méjì péré ló kù fún ọ. Bí o bá gbé ẹ̀kẹta, o ti rìn nìyẹn. Rẹfirí yóò fọn fèrè, ohun yòówù tí o bá jù sínú àwọ̀n lẹ́yìn náà, òfo ni.

Ọ̀rẹ́ mi ni rẹfirí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà la ti jọ ṣe tíṣà. Èmi wà ní kíláàsì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, òun wà ní pápá pẹ̀lú fèrè. Nígbà tí a fẹ̀yìntì, mo gbin kókó díẹ̀ sí ọ̀nà Ajue. Òun kò gbin nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ilé ti dákẹ́, ọjọ́ tí ìdíje bá wà nìkan ni ó máa ń jí kí àkùkọ tó kọ, tí yóò lọ ṣòkòtò rẹ̀ títí ìlà ara rẹ̀ yóò fi lè gé ẹran. Gbogbo ìdíje tó wà ní agbègbè wa, òun ni wọ́n ń pè, torí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kì í sì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ti èkejì yìí ló ń yọ gbogbo wa lẹ́nu.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo fẹ́ gbé ọmọbìnrin kan níyàwó ní Odigbo. Ọmọ dáadáa ni, nọ́ọ̀sì ni. Bàbá ọmọbìnrin náà ní oko kókó ńlá ní Omifunfun, ó sì ní ohùn tó tóbi ju oko náà lọ. Òun ni olórí àwọn tó ń hó fún ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Odigbo. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ìyẹn àbúrò ìyàwó tí a fẹ́ fẹ́, ló sì mọ bọ́ọ̀lù jù nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún. Sátidé kan ni Ore àti Odigbo fẹ́ pàdé. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni a fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ tọrọ ọmọ.

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó jẹ́ kí ẹlòmíràn fọn fèrè lọ́jọ́ náà. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó gbàgbé ìwé sílé. Ó ní òfin sọ pé rẹfirí kò gbọdọ̀ ṣe ìdájọ́ fún ẹbí tàbí àna rẹ̀, òfin kò sì sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó máa di àna lọ́la.

Ó ní, “Ṣé a ti dọ̀bálẹ̀ ni? Níwọ̀n ìgbà tí àyà mi kò tíì kan ilẹ̀ ilé wọn, èmi kì í ṣe àna ẹnikẹ́ni.”

Kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe irú àṣìṣe yìí àfi ẹni tó mọ òfin ju bó ṣe yẹ lọ.

Orí kọnkéré ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ore ni wọ́n ti gbá a. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kó parí, Ore fi àmì ayò kan ṣoṣo wà níwájú. Ọmọ bàbá ìyàwó gba bọ́ọ̀lù, ó yọ́ gba àárín àwọn ọmọ Ore kọjá bí ẹni tó ń sá fún òjò, ó fò sókè, ó jù ú, ó wọlé. Àwọn ará Odigbo ti ń gbé ara wọn lé èjìká kí wọ́n tó rí ọ̀rẹ́ mi, tí fèrè wà lẹ́nu rẹ̀, tó ń yí apá méjèèjì bí ẹni tó ń ká òwú. Àmì pé ẹni yìí rìn nìyẹn. Bọ́ọ̀lù di òfo, àsìkò pé, Ore borí. Mo wo bàbá ìyàwó lápá kejì pápá. Kò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Láti ọjọ́ kejì, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà létí títì márosẹ̀, níbi tí àwa tí a ti fẹ̀yìntì ti máa ń jókòó wo àwọn tí kò tíì fẹ̀yìntì. Àgbẹ̀ kan wá láti Ajue, ó ní bí a bá ń ka ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé báyìí, kò sẹ́ni tí yóò lè ṣeré mọ́. Awakọ̀ kan ní ẹsẹ̀ tí a gbé lójú òfúrufú kò sí nínú ẹsẹ̀. Mo bi í pé ibo ló wà. Ó ní ó wà nínú fífò. Mo ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́ pé ẹsẹ̀ kì í sọnù báyẹn, ó sì ní òun ti mọ̀ pé tíṣà ò lè ṣe kó má ti tíṣà lẹ́yìn.

Fídíò wà o. Ọmọ kan fi fóònù ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a sì wò ó títí bátìrì fi kú. Bọ́ọ̀lù hàn, ọwọ́ hàn, ojú ọmọ náà hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù mú gan-an, ìyá kan tó ń ta ìpékeré ń kọjá lọ níwájú fóònù pẹ̀lú igbá ọjà rẹ̀, kò sì sí ohun tí a rí ní ibi tí ẹsẹ̀ wà àfi ìpékeré. Àwọn ará Ore wo ìpékeré náà, wọ́n rí ẹsẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará Odigbo rí méjì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ ni iṣẹ́ dé láti Odigbo. Wọ́n ní àwọn ń retí wa ní Sátidé, oúnjẹ yóò wà, kí rẹfirí ṣáà mú ọ̀rọ̀ gidi dání bó bá ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò nílò ìtumọ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi sáré wá sílé mi, ó kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ọkùnrin kúnlẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìdààmú ni. Ó ní kí n bá òun bẹ bàbá òun, kó kàn sọ pé ó lè jẹ́ àṣìṣe. Kò pọn dandan kó sọ pé àṣìṣe ni. Kó ṣáà sọ pé ó lè jẹ́.

Mo lọ. Tíṣà ni mí, n kò lè gba àgbàlagbà níyànjú pé kó parọ́. Mo kàn ní kó ronú lórí bí gíláàsì ojú rẹ̀ ti pẹ́ tó. Ó yọ ọ́, ó nù ún, ó fi í sójú padà, ó sì ní òun rí ẹsẹ̀ ẹ̀kẹta.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ sí Odigbo, tàwa ti iṣu, èso, oyin àti ọkọ ìyàwó. Èmi ni wọ́n fi ṣe agbẹnusọ ilé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló ń sọ̀rọ̀ fún ilé ìyàwó. Ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe é: ilé ọkọ á nà gbalaja sórí ẹní, a kì í sì í dìde àfi bí ilé ìyàwó bá ní ká dìde. A dọ̀bálẹ̀, tèmi ti orúnkún mi tó ń ké. Wọ́n gbádùn ara wọn díẹ̀ lórí wa, bí àṣà ti rí, kí bàbá ìyàwó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Gbogbo yín, ẹ dìde. Rẹfirí, ẹ̀yin ẹ ṣì wà níbẹ̀ ná.”

A dìde, ọ̀rẹ́ mi kò dìde. Ó mọ òfin.

Bàbá ìyàwó fà sún mọ́ ẹní náà. Ó ní, “Sátidé tó kọjá, ẹ fagi lé bọ́ọ̀lù ọmọ mi ọkùnrin. Lónìí, ẹ wá gba ọmọ mi obìnrin. Èwo lẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún mi nínú ilé yìí? Ẹ sọ ọ́ níbi tẹ́ ẹ wà yẹn, ọmọ mi rìn àbí kò rìn?”

Gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó rí ìyàwó fẹ́.

Láti orí ẹní, ọ̀rẹ́ mi ní, “Ó rìn.”

Ọkọ ìyàwó di orí mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ àti sùúrù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ mi mọ́, torí àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò pín sí ilé ọkọ àti ilé ìyàwó. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ wọ ọkọ̀ wá, tó jẹ ẹran wa lójú ọ̀nà, ní kí a má bínú, òun náà rò pé ọmọ yẹn kò rìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó ní tirẹ̀ ní ọmọ náà rìn dáadáa, pé bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe láti kékeré, bí wọ́n bá rán an sí ilé kejì, ilé kẹwàá ni wọ́n ti máa ń rí i.

Bàbá ìyàwó kò lè fara dà á. Ó mú ọ̀kan nínú iṣu tí a gbé wá, ó ká agbádá sí èjìká, ó ní kí gbogbo ilé wo bí ọmọ òun ti ṣe é. Ó gbá iṣu mọ́ra, ó gbé ẹsẹ̀, ó fò díẹ̀, ìwọ̀nba tí ọjọ́ orí gbà á láyè, ó sì na iṣu sókè sí òrùlé. Ìyàwó rẹ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ti ń kà á sókè. Ó kà á dé ẹ̀ta. Ọkọ rẹ̀ ní agbádá ló fa ẹ̀kẹta. Wọ́n ní kó bọ́ agbádá kó tún un ṣe, ó kọ̀.

Ni wọ́n bá pe ọmọ tó ju bọ́ọ̀lù náà gan-an. Gàgàrà ọmọ, ojú sì ń tì í. Bàbá rẹ̀ ní kó sọ òtítọ́ fún gbogbo ayé.

Ọmọ náà ní, “Dádì, mi ò mọ̀. Àwọ̀n ni mò ń wò, mi ò wo ẹsẹ̀ mi.”

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá ìyàwó ní bí ó bá jẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù ni iyán òun yóò fi tutù, kí wọ́n sọ fún òun kí òun fi bọ́ ajá. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó sì rán wa létí pé èèyàn ṣì wà nílẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀rẹ́ mi ṣì wà níbẹ̀, àyà mọ́ ẹní, tó fi ọwọ́ kan di gíláàsì rẹ̀ mú.

Bàbá ìyàwó gbé iṣu sílẹ̀. Ó lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ orí ọ̀rẹ́ mi. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti rí ọ̀nà kan.

Ó ní, “Tíṣà, mo fẹ́ bi yín ní òfin. Ṣé rẹfirí lè fọn fèrè fún àna rẹ̀?”

Ọ̀rẹ́ mi ní, “Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Láéláé?”

“Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ àna rẹ̀.”

“Ó dáa. Mo fún ọmọ yín ní ọmọ mi. Mo fún un tayọ̀tayọ̀. Láti òní lọ, ẹ ò tún gbọdọ̀ fọn fèrè níbi tí ọmọ mi ọkùnrin bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣé ẹ gbà?”

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn obìnrin gbé orin. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìdíje tó ṣe gúnmọ́ ní agbègbè wa tí Odigbo kì í wà níbẹ̀, kò sì sí ìdíje Odigbo tí ọmọ yẹn kì í gbá. Mo wo ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ mi lórí ẹní. Bó bá ní òun á ṣì rò ó wò, bó bá ní ó lè jẹ́ àṣìṣe, bóyá bàbá yìí ìbá jẹ́ kó mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ àti fèrè rẹ̀ lọ sílé.

Ó ní, “Mo gbà. Òfin ni.”

Bàbá ìyàwó ní kó dìde. Ìbàdí ò jẹ́. Ọkọ ìyàwó fẹ́ sáré bọ́ síwájú, ṣùgbọ́n bàbá ìyàwó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá ọ̀rẹ́ mi mú lábẹ́ apá, ó ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, agbádá méjì lọ́ mọ́ra wọn. Èmi ni mo wà nítòsí jù, mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Bàbá ìyàwó fi ẹnu sí i létí. Ó ní, “Ọmọ mi ò rìn.”

Ọ̀rẹ́ mi gbọn ekuru ẹní kúrò ní àyà rẹ̀. Ó ní, “Ó rìn, àna mi.”