Màmá Mi Kọ́ Máṣíìnì Nítorí Mi

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ibà líle kan gbé mi dè. Nígbà tí ara mi fi máa yá, ẹsẹ̀ mi òsì ò lágbára mọ́. Ní Ofiki níbi tí wọ́n bí mi sí, ẹ̀yìn màmá mi ni mo fi lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pọ̀n mí lọ láàárọ̀, wọ́n á padà sídìí gaàrí tí wọ́n ń yan. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á tún wá pọ̀n mí bọ̀, èéfín gaàrí á sì máa rùn lára wọn. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn gan-an.

Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìlú kejì ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà, mo sì ti tóbi ju ẹni tí wọ́n lè pọ̀n lọ. Ọlọ́kadà kan ló kọ́kọ́ ń gbé mi. Lọ́jọ́ kan, ó rí èrò tó lẹ́rù, ló bá já mi sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní òun ń bọ̀. Kò padà wá. Abẹ́ igi irú ni màmá mi ti wá mi rí, nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀.

Wọn ò bá ọlọ́kadà jà. Bí wọ́n ṣe gbé oúnjẹ fún bàbá mi ni wọ́n sọ ọ́:

"Bàbá Fàrídà, ẹ kọ́ mi ní máṣíìnì."

Bàbá mi, Ràsáàkì, rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé abọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé màmá mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu wọn. Máṣíìnì pupa kan ṣoṣo ló wà nílé wa, òun ni bàbá mi fi ń lọ sóko.

"Kí lèmi wá fẹ́ máa gùn?"

"Kẹ̀kẹ́ yín ṣì wà lẹ́yìn ilé."

Pápá Yídì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì. Èmi á jókòó sórí ẹní, màá máa wò wọ́n.

"Rọra tú kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ òsì yẹn sílẹ̀!" ni bàbá mi ń pariwo. "Mo ní kí o rọra!"

Máṣíìnì fò bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ níìrù, ó gbé màmá mi lọ tààrà sínú oko ẹ̀pà Bàbá Jẹ́ẹ́dé. Bàbá arúgbó náà jáde síta, wọ́n káwọ́ lérí.

"Ìyá Fàrídà! Obìnrin ló wá ń gun máṣíìnì báyìí? Inú ẹ̀pà mi sì ni?"

Màmá mi dìde, ewé ẹ̀pà lẹ̀ mọ́ hìjáàbù wọn. Wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Bíréèkì ni mi ò tíì kọ́."

Bàbá Jẹ́ẹ́dé fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín ò jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni màmá mi ṣe di ẹni tó ń gun máṣíìnì. Wọ́n á wọ ṣòkòtò bàbá mi sábẹ́ ìró, wọ́n á so hìjáàbù lẹ́yìn kí atẹ́gùn má baà gbé e, èmi á sì dì mọ́ wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, ńṣe làwọn èèyàn ń jáde wá wòran. Nígbà tó yá, àwọn aboyún tó ń lọ sílé ìwòsàn gan-an ń wá wọn wá.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, táyà wa jò lójú ọ̀nà, kò sì sí ilé kankan nítòsí. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Jókòó síbẹ̀," ni màmá mi wí. "Ìwé rẹ ni kí o máa rò."

Wọ́n ń ti máṣíìnì, èmi jókòó lórí rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. A dé ibi ìdánwò bí wọ́n ṣe fẹ́ ti ìlẹ̀kùn. Mo yege.

Ṣakí ni mo ti kàwé gíga, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò báyìí, ibẹ̀ sì ni mo ti pàdé Mọ́nsúrù, ọkọ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi, wọ́n á gé e mọ́ mi lẹ́nu: "Ọpẹ́ kí ni? Ṣé ọmọ ará àdúgbò ni mo gbé ni?"

Nígbà tí mo bímọ obìnrin lọ́dún tó kọjá, èmi àti Mọ́nsúrù jọ pinnu nǹkan kan, a ò sì sọ fún màmá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, màmá mi gun máṣíìnì wọlé láti Ofiki, eruku bo ojú wọn, àpò gaàrí àti ike òrí wà lẹ́yìn. Wọn ò sinmi, ilé ìdáná ni wọ́n gbà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí àáfà gbóhùn sókè: "Orúkọ ọmọ yìí ni Sàrátù!"

"Hẹ̀ẹ́n! Mò ń bọ̀ o!"

Màmá mi ló dáhùn. Wọ́n sáré jáde, ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá Fàrídà ni gbogbo Ofiki ń pè wọ́n. Láti ìgbà tí àwọn òbí wọn ti kú, kò sẹ́ni tó tún pè wọ́n ní Sàrátù.

"Ta ló pè mí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àáfà ní, "Wọn ò pè yín, Màmá. Ọmọ yín ló sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ yín."

Màmá mi wò mí. Wọ́n ní, "Fàrídà, tó bá wá ṣẹ̀ mí ńkọ́? Ara mi ni màá máa bá wí?"

"Màmi," ni mo wí, "ẹ ò jẹ́ kí n dúpẹ́ rí. Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lónìí."

Wọn ò gé e mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n gbé ṣíbí fún Mọ́nsúrù, wọ́n gba ọmọ, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n sì jó yí àgbàlá ká láìsí orin kankan, omijé ń bọ́ lójú wọn.

Títí dòní, wọn ò tíì pe ọmọ náà ní Sàrátù lẹ́ẹ̀kan. "Olórúkọ mi ńkọ́?" ni wọ́n máa ń bi mí lórí fóònù, kí wọ́n tó rántí pé èmi náà wà níbẹ̀.